Su Shi, Ajẹ́lẹ̀ Xuzhou

Ọdún 1037 ni wọ́n bí Su Shi ní Meishan, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ọ̀mọ̀wé ni, akéwì sì ni. Láyé ìgbà náà, ọba Ṣáínà a máa fi ajẹ́lẹ̀ sí agbègbè kọ̀ọ̀kan láti gba owó orí, láti dájọ́ àti láti tọ́jú odi ìlú. Ní ọdún 1077, ó fi Su Shi jẹ ajẹ́lẹ̀ Xuzhou.

Kò pẹ́ tó débẹ̀ ni Huang He, odò ńlá tí omi rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè nítorí ẹrẹ̀, ya bèbè. Omi náà dé ìdí odi Xuzhou.

Àwọn olówó di ẹrù, wọ́n fẹ́ sá. Su Shi mọ̀ pé bí wọ́n bá lọ, àyà àwọn tó kù yóò já. Ó dá wọn padà sínú ìlú.

Iṣẹ́ náà ju agbára ará ìlú lọ. Àwọn ọmọ ogun wà nítòsí, ṣùgbọ́n ọba ló ń pàṣẹ fún wọn, kì í ṣe ajẹ́lẹ̀. Su Shi kò jókòó kó ránṣẹ́. Ó mú ọ̀pá, ó wọ́ inú ẹrẹ̀ lọ bẹ ọ̀gá wọn. Ọ̀gá náà rí i pé bí ajẹ́lẹ̀ kò bá sá fún ẹrẹ̀, ọmọ ogun kò gbọdọ̀ sá fún un. Wọ́n gbé ṣọ́bìrì àti agbọ̀n, wọ́n mọ òkìtì tó gùn tó kìlómítà 3 láti dá omi dúró.

Su Shi pàgọ́ sórí odi. Bó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, kì í wọlé. Ó ní kí wọ́n so ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi mọ́ ìdí odi kí ìgbì má baà lù ú wó. Ó rán àwọn tó mọ omi í wẹ̀ láti gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó há sórí òkè àti orí igi. Omi tó wà lẹ́yìn odi ga ju ilẹ̀ inú ìlú lọ ní mítà 3! Ó ju ogójì ọjọ́ lọ kí ó tó fà. Odi kò wó.

Ní ọdún 1078, ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ẹnu ibodè ìlà oòrùn, ó sì kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, àwọ̀ erùpẹ̀ nìyẹn, erùpẹ̀ ló sì ń ṣẹ́gun omi.

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀tá fẹ̀sùn kàn án pé ewì rẹ̀ ń bú ìjọba. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì lé e lọ sí Huangzhou, níbi tó ti ń roko jẹun. Ó kú ní ọdún 1101. Ilé tó kọ́ kò sí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará Xuzhou ti kọ́ òmíràn.