Joseph Aspdin: Bíríkìlà tó sọ sìmẹ́ǹtì ní Portland

Orúkọ Portland tó máa ń wà lára àpò sìmẹ́ǹtì, bíríkìlà kan ló fún un. Joseph Aspdin ni bíríkìlà náà, ìlú Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1778.

Aspdin máa ń sun òkúta ẹfun pọ̀ mọ́ amọ̀, yóò sì lọ̀ ọ́ kúnná. Nígbà tí òkúta ẹfun ṣòro fún un láti rí, ó ń hú èyí tí wọ́n fi tẹ́ títì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1824, ìjọba fún un níwèé àṣẹ lórí ohun tó ṣe.

Lọ́dún 1841, òun àti William ọmọ rẹ̀ pínyà. Aspdin kéde pé gbèsè William kò kan ilé iṣẹ́ òun mọ́. William fi iná tó gbóná ju ti bàbá rẹ̀ lọ sun tirẹ̀, ìyẹn ló sì le jù.

Bàbá kú lọ́dún 1855. Lónìí, wọ́n ń fi polycarboxylate dín omi kọnkéré tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì Portland pò kù, kó lè le sí i. Irú èròjà yìí náà ni Dennis Smith lò ní Manchester lọ́dún 1968 láti ṣe sìmẹ́ǹtì tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò.