Ìtàn Ìgbésí Ayé Caspar David Friedrich, Ayàwòrán

Ǹjẹ́ o ti dúró létí òkun rí, kí o wo omi lọ títí, kí ojú rẹ má sì rí òpin rẹ̀? Bí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, o mọ bí ọmọ ènìyàn ti kéré tó. Ohun tí Caspar David Friedrich fi ayé rẹ̀ yà ní àwòrán nìyẹn.

Ìlú Greifswald, nítòsí Òkun Baltic, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Jámánì lónìí, ni a ti bí i ní ọdún 1774. Iṣẹ́ ọṣẹ àti àbẹ́là ni baba rẹ̀ ń ṣe. Kò tíì pé ọmọ ọdún 7 tí ìyá rẹ̀ fi kú.

Ní ọdún 1787, ìbànújẹ́ ńlá tún dé. Ní ilẹ̀ wọn, omi a máa dì gbagidi nígbà òtútù, títí ènìyàn yóò fi lè rìn lórí rẹ̀. Ìtàn sọ pé yìnyín fọ́ mọ́ Friedrich lẹ́sẹ̀, ó sì jìn sínú omi. Níbi tí àbúrò rẹ̀, Johann Christoffer, ti ń gbìyànjú láti yọ ọ́, àbúrò náà bá omi lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Friedrich kò sá ní tirẹ̀. Ó kọ́ àwòrán yíyà ní Copenhagen, ó sì lọ tẹ̀dó sí Dresden ní ọdún 1798. Òkè, ìkùukùu àti òkun ni ó ń yà. Ní ọdún 1810, ọba Prussia ra ọ̀kan nínú wọn: mọ́ńkì kan ṣoṣo ni ó dá dúró létí òkun, tí òfuurufú sì bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ó di ọdún 1824, ó ya òkìtì yìnyín tí ó fọ́ ọkọ̀ òkun yángá. Díẹ̀ báyìí ni ojú ń rí lára ọkọ̀ náà. Kò sí ẹni tí ó ra àwòrán yìí títí ó fi kú.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní ọdún 1835, ó sì kú nínú ìṣẹ́ ní ọdún 1840. Ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀ pátápátá, àfi ìgbà tí wọ́n pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní Berlin ní ọdún 1906. Lónìí, àwòrán yìnyín náà wà ní Hamburg, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lọ wò ó.

Òǹkàwé mi, ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ọ. Ènìyàn kò lè bá omi jà kí ó borí, ṣùgbọ́n ó lè wo ohun tí ó dẹ́rù bà á lójú, kí ó sì fi ṣe iṣẹ́ tí kò ní parun.