ÀJÀYÍ CROWTHER: LÁTI Á-BÍ-SÍ DÉ A-B-D



Mò ń kọ́ àbúrò mi ọmọ ọdún márùn-ún ní a-b-d nílé. Nígbà tó kọ ọ́ dé ẹ, ó bi mí pé kí ló dé tí èyí fi ní nǹkan lábẹ́ tí e kò ní. Ẹnu mi wọhò! Èmi tí mo wà ní SS2, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí ìtàn Àjàyí Crowther.

Wọ́n bí Àjàyí ní nǹkan bíi ọdún 1809 ní Òṣoògùn, ní ibi tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ báyìí. Lọ́dún 1821, àwọn ológun ya wọ ìlú náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì yà wọ́n nípa. Wọ́n ta Àjàyí léraléra. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbẹ̀yìn, àwọn Potogí rà á ní Èkó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú náà sílẹ̀ lójú omi, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ọmọ bíi ọdún mẹ́tàlá ni, kò mọ lẹ́tà kankan rí. Wọ́n ní lọ́jọ́ kìíní gan-an, ó tọrọ ìdajì kọ́bọ̀, ó fi ra páálí á-bí-sí tirẹ̀. Láàárín bíi oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ni wọ́n bá ní kó máa kọ́ àwọn yòókù, wọ́n ń san kọ́bọ̀ méje àti ààbọ̀ fún un lóṣù. Ọmọ ilé ìwé di tíṣà! Lọ́dún 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Fourah Bay. Ó fẹ́ Asano, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀, tí òun náà sì di tíṣà.

Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé yẹn. Lọ́dún 1843, ọdún tó di àlùfáà, ó tẹ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Wàhálà wà níbẹ̀: lẹ́tà òyìnbó kò tó ohùn wa. Òun àti àwọn míṣọ́nnárì mìíràn wá fi àmì sábẹ́ e, o àti s, kí ohùn kọ̀ọ̀kan lè ní lẹ́tà tirẹ̀. Bí o bá yọ àmì náà, ọkọ ìyàwó á di oko àgbẹ̀!

Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì rí Àfàlá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1857 ó ṣe ìwé a-b-d fún àwọn Ìgbò pẹ̀lú. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ ní ìjọ Áńgílíkà. Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn mìíràn túmọ̀ parí ní 1884. Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò rọrùn, torí àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ kan fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lórí odò Ọya. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891.

Mo ti dá àbúrò mi lóhùn. Mo sọ fún un pé ẹnì kan tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin wà lára àwọn tó fi àmì yẹn síbẹ̀, kí ohùn wa má bàa sọnù. Ó wò mí, ó tún mú pẹ́ńsù, ó fi àmì sábẹ́ gbogbo e tó ti kọ! Mo ní rárá o, a ṣì máa pa díẹ̀ rẹ́.

Àwa ńkọ́, tá a máa ń kọ Yorùbá láìfi àmì kankan sí i? Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.