Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, mátírọ́ọ̀nù UCH Ìbàdàn

Nígbà tí Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Scott ń dàgbà l'Ékòó, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú. Bàbá rẹ̀ ò fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká má tètè dá bàbá náà lẹ́bi o. Láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ olùkọ́ ni àwọn ilé ọlá l'Ékòó kà sí iṣẹ́ tó yẹ ọmọbìnrin tó kàwé. Ti nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ kéèyàn máa wẹ ara àjèjì, kó máa da ìgbọ̀nsẹ̀ aláìsàn nù ni wọ́n rí i sí. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé kì í sì í kọjá ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Àbẹ̀ní gbọ́ràn. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ n'Ìbàdàn, ó sì ṣe é ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti CMS l'Ékòó láti 1936 di 1940. Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ò bínú pé ó fi iṣẹ́ wa sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹ máa rí i níwájú pé kò tiẹ̀ fi í sílẹ̀ tán.

Ní 1941, ó fẹ́ Olú Pratt, apoògùn. Ọkọ rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà sì lọ bá a ní 1946. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó ti ń wù ú látijọ́: ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas', èyí tó ti wà láti 1860. Florence Nightingale alára, ọmọ olówó ni, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ta kò ó nígbà tó ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Ojú tí bàbá Àbẹ̀ní fi wo iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan.

Ìyà ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló jẹ lọ́hùn-ún. Aláìsàn kan kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ tọ́jú òun nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ó fara dà á, ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ó padà wálé ní 1954, UCH n'Ìbàdàn sì gbà á sípò sístà wọ́ọ̀dù, ohun tí a fi ń pe èèyàn ní màjọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òyìnbó ni wọ́n sábà ń fi sípò bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó di mátírọ́ọ̀nù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ẹ má ṣì í gbọ́ o: ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, ìyá tó ń gbẹ̀bí láìkàwé rẹ̀ ni à ń pè ní matrone. Mátírọ́ọ̀nù tiwọn ni ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn.

Ohun tó fi ipò náà ṣe ló jẹ́ ká kọ ìtàn yìí. Nílẹ̀ wa, ẹni tó di àgbà lè jókòó, kó máa gba ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọdé títí á fi fẹ̀yìn tì. Ìyá Pratt ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wà lára àwọn tó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965. Lójú tiwa, ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Yorùbá ò fojú kékeré wo ìwé. Bàbá tí kò fẹ́ kí ọmọ òun máa gbé póò aláìsàn kiri lè máa yangàn ládùúgbò pé ọmọ òun wà ní yunifásítì. Àṣà tó dènà mọ́ ọn nígbà èwe náà ló lò láti ṣínà fún àwọn ẹlòmíì.

Ó tún ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí owó oṣù nìkan kọ́ ló ń mú èèyàn dúró sẹ́nu iṣẹ́ yìí. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pàṣẹ fún bí ọmọ ọ̀dọ̀, tí kò rí àkàbà kankan tó lè gùn, iṣẹ́ náà á sú u, bó ti wù kó fẹ́ràn aláìsàn tó. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láwọn ilé ìwòsàn wa mọ ohun tí à ń sọ.

Ó di ọ̀gá nọ́ọ̀sì fún gbogbo Nàìjíríà. Ní 1973, àjọ Red Cross fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì fi í ṣe kọmíṣọ́nnà fún ìlera, ká sọ pé mínísítà ìpínlẹ̀, títí di 1975. Ní 1992 ló kú. Wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn.