Ọ̀rọ̀ fún Òní: Oṣé

Ọ̀rọ̀ tí a ó jọ yẹ̀ wò lónìí ni oṣé. Ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa: ọṣẹ ni a fi ń wẹ̀, ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n oṣé ni àáké olójú méjì tí í ṣe ti Ṣàngó. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dé terreiro ti mọ̀ ọ́n sí oxê. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí oṣé ṣe kúrò ní ojúbọ tí ó sì dé gbọ̀ngàn àfihàn iṣẹ́ ọnà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn Rubem Valentim.

Ìlú Salvador ni a ti bí i, ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1922. Nígbà èwe rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá Bahia a máa ya wọ ilé òrìṣà, wọn a sì máa kó ìlù àti irinṣẹ́ òrìṣà lọ bí ẹni kó ẹrù ọ̀daràn. Iṣẹ́ dókítà eyín ni Valentim kọ́kọ́ kọ́. Ó parí rẹ̀ ní 1946, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi pa á tì nítorí àwòrán. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ àwòrán yíyà.

Ní ayé ìgbà náà, Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń wò bí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán tí kò fara jọ ènìyàn tàbí ohun kan pàtó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Valentim wo inú ilé. Ó mú oṣé Ṣàngó, ọrun àti ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ọ̀pá Òrìṣàńlá tí ẹ ń pè ní opaxorô. Ó bọ́ gbogbo ohun tí kò ṣe kókó kúrò lára wọn, títí ó fi ku ìlà tó tọ́, onígun mẹ́ta àti róbótó, tí apá ọ̀tún ń bá apá òsì dọ́gba. Ẹni tí kò mọ òrìṣà rí àrà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí Ṣàngó.

Ó kó lọ sí Rio de Janeiro ní 1957. Ẹ̀bùn tí ó gbà níbẹ̀ ní 1962 ni ó gbé e dé ìlú Róòmù, níbi tí ó gbé láti 1963 títí di 1966. Ní 1966 yìí kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ kópa nínú àjọ̀dún àgbáyé iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar. Lẹ́yìn èyí ni ó padà sí Bràsíìlì, ó sì fi Brasília ṣe ibùgbé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún méjì wọ̀nyí sọ́kàn. Títí di 1976, ilé òrìṣà ní Bahia gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọdún náà ni ìjọba fòpin sí i. Ní 1977, Valentim gbé Templo de Oxalá kalẹ̀ ní Bienal ti São Paulo: ère àti àwòrán funfun báláú, nítorí funfun ni aṣọ Òrìṣàńlá. Irú ohun tí ọlọ́pàá ń kó nígbà èwe rẹ̀ ni gbogbo ayé wá ń wò tìyanutìyanu.

Ó papò dà ní São Paulo, ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1991. Ère kọnkéré rẹ̀ ṣì dúró ní Praça da Sé níbẹ̀. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ má ṣe sáré. Ẹ dúró, kí ẹ wá àmì òrìṣà lára rẹ̀, kí ẹ sì fi ohùn tó yẹ pe orúkọ rẹ̀.