Samuel Okwaraji: Ta ló yẹ kó dá akọni dúró kó tó ṣubú?

Àwọn àgbà tó wà nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa kò ní tíì gbàgbé ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1989. Yálà ìdí tẹlifíṣàn lẹ wà tàbí ìdí rédíò, ẹ ó rántí pé ikọ̀ Super Eagles ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Àǹgólà lọ́jọ́ náà ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, l'Ékòó. Ìdíje láti lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1990 ni. Nàìjíríà ti fi góòlù kan ṣáájú. Nígbà tí eré di ìṣẹ́jú 77, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ láàárín pápá. Kò sí ẹni tó kọlù ú, kò sí ẹni tó ta á ní ìpá. Bó ṣe lọ nìyẹn, lẹ́ni ọdún 25.

Ọmọ Orlu, ní ìpínlẹ̀ Imo, ni olóògbé náà. Ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, ọdún 1964 ni wọ́n bí i. Láyé ìgbà náà, ojú aláìníṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń wo ọmọ tó bá ń lé bọ́ọ̀lù kiri, ṣùgbọ́n Okwaraji kò fi ìkan sílẹ̀ nítorí èkejì. Ó kàwé títí ó fi di agbẹjọ́rò, ó sì gba oyè kejì nínú òfin àgbáyé ní Yunifásítì Róòmù, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Bó ti ń kàwé ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó wà lọ́dọ̀ Dinamo Zagreb ní Yugoslavia àtijọ́, ó gbá fún Austria Klagenfurt, kó tó di pé ó bá ara rẹ̀ ní Jámánì, lọ́dọ̀ VfB Stuttgart àti SSV Ulm.

Ọdún 1988 ni òkìkí rẹ̀ kàn nílé. Àárín pápá ni ipò rẹ̀, onírun bíi ti dàda ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ bọ́ọ̀lù. Nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Mòrókò lọ́dún yẹn, ó gbá góòlù wọlé Kamẹrúùnù nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Kamẹrúùnù yìí kan náà ló padà fi góòlù kan ṣoṣo gba ife náà mọ́ wa lọ́wọ́ ní àṣekágbá. Lọ́dún kan náà, ó bá Nàìjíríà lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ní Seoul.

Ohun tí àwọn ènìyàn fi ń rántí rẹ̀ jù ni ìfẹ́ tó ní sí orílẹ̀-èdè rẹ̀. Wọ́n ní owó àpò ara rẹ̀ ló máa ń fi wọ ọkọ̀ òfurufú wá sílé nígbà mìíràn, àti pé bí àwọn tó gbà á síṣẹ́ kò bá tilẹ̀ fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀, yóò wá ni. A yìn ín fún èyí, ó sì tọ́ sí ìyìn. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ ká ṣọ́ jù, nítorí pé kò ní sọ láéláé pé ó rẹ òun.

Nígbà tí àwọn dókítà yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àìsàn abàmì. Ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì ń dì mọ́ wa lápá ní ìlú kéékèèké tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ta wá ló yẹ kó wò ó? Ṣé ẹgbẹ́ tó ń sanwó oṣù ni, ṣé àjọ tó ránṣẹ́ pè é wá láti gbá fún orílẹ̀-èdè ni, àbí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Iṣẹ́ gbogbo wọn ni. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó bá jẹ́ ti gbogbo ilé, ebi ló sábà máa ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ Kanu Nwankwo. Lọ́dún 1996, ẹgbẹ́ Inter Milan rà á, ó sì gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Atlanta. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí àléébù nínú ọkàn rẹ̀, wọ́n sì ní kó dúró. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà lóṣù kọkànlá ọdún náà. Kanu padà sórí pápá, ó sì ṣì wọ aṣọ Nàìjíríà ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010. Ìyàtọ̀ àárín òun àti Okwaraji ni pé ẹnìkan yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni náà sì láṣẹ láti sọ pé ó tó.

Nígbà tí Marc-Vivien Foé, ọmọ Kamẹrúùnù, ṣubú kú bákan náà ní Lyon, lọ́jọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2003, ojú àgbáyé là. Láti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2006 ni FIFA ti ń béèrè pé kí wọ́n yẹ ọkàn àwọn agbábọ́ọ̀lù wò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, lóṣù kẹta ọdún 2020, Chineme Martins ti ẹgbẹ́ Nasarawa United ṣubú kú lórí pápá ní Lafia. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀ wa.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ ní Ekìtì, kò dìgbà tí ọmọ bá di ìlúmọ̀ọ́ká. Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ wíwú sáré fún ilé-ìwé rẹ̀, tàbí tó ń mí gúlegúle lẹ́yìn eré, kò ní fẹ́ já ẹgbẹ́ rẹ̀ kulẹ̀, nítorí náà kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn, kódà bí ife bá fẹ́ bọ́ mọ́ ilé-ìwé lọ́wọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́.

Nàìjíríà borí Àǹgólà lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Kamẹrúùnù nà wá ní Yaoundé, a kò sì lọ sí Ife Ẹ̀yẹ náà. Ife mìíràn ti wá lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n Okwaraji kò padà wá mọ́.