Akínpẹ̀lú Òbíṣẹ̀san

Akínpẹ̀lú Òbíṣẹ̀san (1889 – 1963) jẹ́ oníṣòwò, olóṣèlú àti aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọmọ ìlú Ìbàdàn ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Co-operative Bank, báǹkì àwọn ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ ìtàn fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìdílé Aperin ní Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Ìdílé jagunjagun ni; pípa erin ló bí orúkọ náà, àdúgbò wọn sì ń jẹ́ Aperin títí di òní. Òbíṣẹ̀san kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., ó sì ṣiṣẹ́ akọ̀wé fún ìjọba amúnisìn. Ní 1913, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti wá bójú tó ilẹ̀ ìdílé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bá àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ṣòwò kòkó.

Ó wà lára Ẹgbẹ́ Àgbà Ò Tán, tí àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn dá sílẹ̀ ní 1914. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911 tí ó sì gorí oyè Olúbàdàn ní 1955, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dẹ́nrelé Ọbasá, akéwì tí ó dá ìwé ìròyìn The Yoruba News sílẹ̀ ní 1924.

Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́

Nígbà tí Òbíṣẹ̀san bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, gègé àti yíǹkì ni irinṣẹ́ akọ̀wé. Àwọn kan ń ti gègé bọ inú ìgò yíǹkì. Àwọn mìíràn ní gègé tí ń gbé yíǹkì tirẹ̀ sínú, irú èyí tí Lewis Waterman gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1884. Báírò kò dé ọjà Amẹ́ríkà pàápàá títí di 1945. Èyí túmọ̀ sí pé ìgbà yíǹkì ni ọ̀pọ̀ ọdún àkọsílẹ̀ náà bọ́ sí, nígbà tí ènìyàn díẹ̀ ní Ọjà'ba tàbí Bẹẹrẹ ló mọ̀wé, tí ẹni tí ó sì mọ gègé í lò jẹ́ ẹni tí àwọn ìjòyè ń wá.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Èyí yẹ ní àkíyèsí, nítorí pé Yorùbá ni Akínyẹlé àti Ọbasá fi ṣe iṣẹ́ tí a fi mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n tiwọn, fún ará ìlú ni; ti Òbíṣẹ̀san, ọ̀rọ̀ àṣírí ni.

Owó ni ó gba ojú ìwé púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbèsè ń dà á láàmú, ojú sì ń tì í pé ọmọ ilé ńlá tí ó tún kàwé kò rówó tó bí ó ti yẹ ipò rẹ̀. Àwọn olówó Ìbàdàn ayé ìgbà náà, bí Sàlámì Àgbájé àti Adébísí Ìdíkàn, kò kàwé bíi tirẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ wọn ni ọrọ̀ wà. Léraléra ni ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ìwé kíkà wúlò fún bí kò bá mú owó wá. Kò dá ara rẹ̀ sí nínú àkọsílẹ̀ náà: ìlara, ìbẹ̀rù àti àbámọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bóyá òun nìyí tí ó fi wúlò ju ìtàn tí ènìyàn kọ láti yin ara rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlú náà kò gbẹ́yìn. Ìgbà rẹ̀ ni ìjọba yọ Baálẹ̀ Ṣítù lóyè ní 1925, tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, tí oyè Baálẹ̀ sì di Olúbàdàn ní 1936.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ìṣèlú

Ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní 1935, kí àwọn àgbẹ̀ lè máa ta kòkó wọn pa pọ̀. Òbíṣẹ̀san di aṣáájú nínú ètò náà ní Ìbàdàn. Ó jókòó ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n sì dá Co-operative Bank sílẹ̀ ní 1953, ẹni tí gbèsè ti lé kiri rí ni ó di ààrẹ rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Ó kú ní 1963. Gbọ̀ngàn Obisesan ní Dùgbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ìwé rẹ̀ wà ní ibi ìkówèésí Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn olùwádìí, bí Ruth Watson, ti lò wọ́n láti kọ nípa ìṣèlú Ìbàdàn.